Igbó Tí A Gé Sí Wẹ́wẹ́: Kí Ni À Ń Tà Gan-an?

Níbi ìpàdé ẹ̀ka Èkó tí a ṣe ní Fádèyí ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí. Akọ̀wé wa ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ̀yin tí ẹ ò ráyè wá lè kà á kí ìpàdé gbogbogbòò tó dé, torí ibẹ̀ la ti máa dìbò.

Ẹ ti gbọ́ ohun tó wà nílẹ̀. Oníṣòwò kan fẹ́ gba igbó ẹ̀bá odò wa, ìyẹn ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn oko àwọn ẹbí, tó bá odò lọ títí dé ààlà igbó ìjọba. Ó fẹ́ gé igi ibẹ̀ fún pákó, lẹ́yìn náà kó gbin kòkó síbẹ̀. Owó tó dá lé e ò kéré. Ó lè parí òrùlé gbọ̀ngàn ìlú tó ti ń jò láti ọjọ́ yìí. Àwọn kan nínú wa ní ká gbà á kíá. Wọ́n ní ilẹ̀ náà ò tóbi, kò sẹ́ni tó ń dáko níbẹ̀, kí là ń dúró dè?

Èmi ní ká dúró ná. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ gbọ̀ngàn. Mo fẹ́ ká mọ ohun tí à ń tà kó tó bọ́ lọ́wọ́ wa.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a jókòó sí

Fádèyí yìí, igbó ni nígbà kan. Ẹ wo Ìgbóbì tó wà nítòsí wa níbí, níbi tí wọ́n ti ń to eegun. Ẹ rọra pe orúkọ náà, ẹ ó gbọ́ igbó obì nínú rẹ̀. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì, ẹ ó kan Palmgrove. Ọ̀pẹ ni wọ́n fi sọ ibẹ̀ lórúkọ. Tẹ́ ẹ bá ń lọ sí Maryland, ẹ ó kan Ìdí-Ìrókò. Tẹ́ ẹ bá yà sí apá kejì, ẹ ó dé Ìdí-Àràbà. Ojoojúmọ́ ni kọ́ńdọ́ ń pe orúkọ igi, tí ẹnikẹ́ni ò sì ń bọ́ọ́lẹ̀ lábẹ́ igi ọ̀hún. Igi ti lọ, orúkọ ló kù. Ẹranko tó ń gbé lórí igi náà ò tilẹ̀ ní orúkọ tó kù.

Kò sẹ́ni tó lè dá Fádèyí padà sí igbó, mi ò sì wá bẹ̀bẹ̀ fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ibí yìí lè kọ́ wa ní nǹkan kan. Ẹ wo Ikorodu Road tó wà lẹ́yìn fèrèsé yẹn. Ká ní kò sí afárá ẹlẹ́sẹ̀ kankan lórí rẹ̀ láti Jíbówú títí dé Maryland. Ẹni tó ń gbé lápá Ṣómólú, tí ọjà rẹ̀ wà ní Mùṣin, tí ìyá rẹ̀ wà ní Mùṣin, tí ẹni tó fẹ́ fẹ́ náà wà ní Mùṣin, kí ló máa ṣe? Ilé rẹ̀ ò wó. Ilẹ̀ rẹ̀ ò dín. Ṣùgbọ́n ayé rẹ̀ ti pín sí méjì. Tó bá fipá sọdá, mọ́tò lè gbá a. Tó bá jókòó, á máa rí nǹkan lókèèrè, ọwọ́ rẹ̀ ò ní tó o.

Bí ọ̀rọ̀ àwọn ẹranko wa ṣe rí nìyẹn. Nǹkan méjì ló wà níbẹ̀, ẹ má jẹ́ ká da wọ́n pọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé igbó ń dínkù. Gbogbo wa rí ìyẹn. Ìkejì ni pé èyí tó ṣẹ́kù ń pín sí wẹ́wẹ́, oko láàárín, títì láàárín, abúlé láàárín. Ìkejì yìí la kì í rí, òun ló sì kan ilẹ̀ ẹ̀bá odò wa.

Ìṣirò kékeré kan

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìṣirò, ẹ mú bírò. Ká ní igbó kan jẹ́ kílómítà kan níbùú, kílómítà kan lóròó. 100 hẹ́kítà nìyẹn. Oòrùn, atẹ́gùn gbígbẹ, iná oko, ajá ọdẹ àti ẹsẹ̀ ènìyàn, etí ni gbogbo wọn ti ń wọ igbó. Ká ní wọn ò wọlé ju 100 mítà lọ. Àárín igbó tó tutù, tó sì dákẹ́, á ṣẹ́ ku 64 hẹ́kítà.

Ó dáa. Ẹ wá pín 100 hẹ́kítà yẹn náà sí ọ̀nà mẹ́wàá ọgbọọgba, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró láàárín oko. Tí ẹ bá bi ẹni tó ń ka igbó lórí ìwé, á ní a ò pàdánù nǹkan kan, 100 hẹ́kítà ṣì ni. Ṣùgbọ́n ẹ yọ 100 mítà kúrò létí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tó kù láàárín, tí ẹ bá ro mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pọ̀, kò pé 14 hẹ́kítà. Etí ti jẹ gbogbo rẹ̀ tán.

Wọ́n ti dán èyí wò lójú ayé. Láti ọdún 1979 ni Thomas Lovejoy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí nítòsí ìlú Manaus ní Brazil. Àwọn tó ń sin màlúù fẹ́ gé igbó ibẹ̀. Wọ́n bá wọn sọ ọ́ kí wọ́n fi abala díẹ̀ sílẹ̀, àwọn kan hẹ́kítà 1, àwọn kan 10, àwọn kan 100. Wọ́n ka ẹyẹ àti igi inú wọn kí wọ́n tó gé àyíká wọn, wọ́n sì ń ka wọ́n lọ lẹ́yìn náà. Kí ni wọ́n rí? Àwọn igi ńlá tó bọ́ sétí ń gbẹ, atẹ́gùn ń wó wọn. Èèrà kan wà níbẹ̀ tó ń rìn lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ìjàlọ tiwa. Àwọn ẹyẹ kan a máa tẹ̀lé e láti mú kòkòrò tó bá ń sá fún un. Àwọn ẹyẹ yẹn tètè pòórá nínú àwọn abala kéékèèké, torí ọ̀wọ́ èèrà náà nílò ilẹ̀ tó gbòòrò. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé àwọn ẹyẹ inú igbó kan wà níbẹ̀ tí kò jẹ́ sọdá pápá tí kò ju 80 mítà lọ. Wọ́n ní ìyẹ́ o! Ṣùgbọ́n ojú gbangba ń bà wọ́n lẹ́rù. Nígbà tí wọ́n pa àwọn oko màlúù kan tì, tí igbó kékeré bẹ̀rẹ̀ sí hù láàárín, díẹ̀ nínú àwọn ẹyẹ náà padà wá. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ìrètí wà.

Igbó tó bá wa pààlà

Ẹ jẹ́ ká wá sílé. Igbó ìjọba tí odò wa ń ṣàn lọ bá ni Omo Forest Reserve, tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí J4. Ọdún 1925 ni ìjọba ti kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí igbó àfipamọ́, gẹ́gẹ́ bí apá kan igbó Ṣàṣà. Ó tó nǹkan bí 130,000 hẹ́kítà. Ní ọdún 1977, UNESCO fi kún àwọn ilẹ̀ ohun abẹ̀mí tí gbogbo ayé ń ṣọ́. Àárín rẹ̀ tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn rárá jẹ́ 460 hẹ́kítà. Láyé àtijọ́, igbó Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, igbó Olúwa ní Oǹdó àti igbó Ṣàṣà ní Ọ̀ṣun, igbó kan náà ni gbogbo wọn. Erin lè gbéra níhìn-ín kó sì rìn dé ọ̀hún láìfẹsẹ̀ kan oko ẹnikẹ́ni.

Lónìí ńkọ́? Títì márosẹ̀ Ṣágámù sí Benin gba agbègbè náà kọjá. Ìjọba gé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ nínú igbó náà, wọ́n gbin mẹ́lìnà lọ rẹrẹẹrẹ, igi tó wá láti Éṣíà, kí ilé-iṣẹ́ ìwé ní Ìwòpin lè máa rí igi lò. Ilé-iṣẹ́ Ìwòpin ò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Mẹ́lìnà ló fẹsẹ̀ múlẹ̀. Tí ẹ bá wà nínú mọ́tò, ẹ ó rí i pé gbogbo ẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ẹ ó sì ní igbó ṣì wà. Ewé tútù kọ́ ni igbó. Erin ò lè ti ìdí mẹ́lìnà jẹ òro, àgbìgbò ò sì lè rí ihò igi àtàtà tó máa yé sí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni agégi wọlé, àwọn tó gbàwé àti àwọn tí ò gbàwé. Ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ agégi là ni àgbẹ̀ gbà wọlé láti gbin kòkó, gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀. Láti ibi oko, ó di abà. Láti abà, ó di abúlé tó ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Mi ò bú àwọn àgbẹ̀ o, ènìyàn bíi tiwa ni wọ́n, oúnjẹ ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n bí igbó ṣe ń ya nìyẹn, láti inú lọ síta, bí aṣọ tí kòkòrò ń jẹ.

Àwa tá a wà l'Ékòó ńkọ́, ṣé ọwọ́ wa mọ́? Ẹni tó bá ti ń gba Third Mainland Bridge láti ọjọ́ pípẹ́ máa rántí èéfín Oko Baba, kí ìjọba tó ní kí àwọn onísọ́mílì máa kó lọ sí Agbowa. Àwọn gẹdú tó léfòó lórí ọ̀sà yẹn, ibo lẹ rò pé wọ́n ti wá? Ojú omi ni wọ́n gbà wá láti apá ọ̀dọ̀ wa, láti apá Oǹdó, wọ́n so wọ́n mọ́ra bí ìdì igi ìdáná. Ilẹ̀kùn ilé wa, bẹ́ẹ̀dì wa, igi àjà wa, igbó Omo àti Olúwa wà nínú wọn.

Ẹranko tó ń sanwó ẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n mú mẹ́ta péré.

Àkọ́kọ́ ni erin. Erin ṣì wà ní Omo, kì í ṣe àlọ́. Erin igbó ni, ó kéré sí ti inú ọ̀dàn. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, àjọ IUCN tó ń ka ẹranko àgbáyé kọ erin igbó sí ipò àwọn tó sún mọ́ àparun jù lọ. Wọ́n fojú bù ú pé gbogbo erin tó kù ní Nàìjíríà, ti ọ̀dàn àti ti igbó, kò tó 500. Oyún erin tó oṣù 22. Abo erin igbó sábà máa ń lé ní ogún ọdún kó tó bí àkọ́bí rẹ̀, tó bá sì bí i, ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà ni kó tó tún bí òmíràn. Nítorí náà, erin kan tí wọ́n bá yìnbọn pa lónìí, ọmọ-ọmọ wa ló máa rí àrọ́pò rẹ̀, bí wọ́n bá rí i rárá.

Ìkejì ni ìnàkí. Irú ìnàkí tó wà ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ló kéré jù níye nínú gbogbo ìnàkí Áfíríkà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn díẹ̀díẹ̀ ló kù ní Omo, ní Olúwa, ní Ìdànrè àti apá Èkìtì. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2009 kìlọ̀ pé wọ́n ti fẹ́ parun tán ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn yìí. Ẹ wo ohun tó ń bani lẹ́rù níbẹ̀: àwùjọ kan níbí, àwùjọ kan lọ́hùn-ún, oko kòkó àti títì láàárín wọn. Láàárín ìnàkí, abo tó bá bàlágà ló sábà máa ń fi ilé sílẹ̀ lọ sí àwùjọ mìíràn, bí ìyàwó ṣe ń lọ ilé ọkọ. Tí kò bá sí ọ̀nà tó máa gbà, á jókòó sílé. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò á wá máa gun ara wọn. Àìsàn tó bá mú ẹyọ kan á mú gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó yìnbọn, kò sẹ́ni tó dẹ okùn, ìran náà á kàn rọra tán.

Ìkẹta ni àgbìgbò, ẹyẹ ńlá tí ìyẹ́ rẹ̀ ń dún fẹ̀ẹ̀ lókè igi bí ìgbà tí ènìyàn ń fẹ́ ẹwìrì. Inú ihò igi àgbà ló ń yé sí. Abo rẹ̀ á wọlé, wọ́n á fi ẹrẹ̀ dí ẹnu ihò, akọ á máa ti ojú àlàfo kékeré fún un lóúnjẹ. Igi tó bá tóbi tó láti ní irú ihò bẹ́ẹ̀, òun náà ni onípákó ń wá. Tá a bá wá gé gbogbo igi àgbà tán, a lè fi ẹgbẹ̀rún igi kéékèèké sílẹ̀, àgbìgbò ò ní rí ilé.

Ọdẹ kan lè dìde níbí kó ní, "Irọ́ ni, ẹran ṣì ń bẹ. Àná ni mo pa ọ̀yà mẹ́ta." Òótọ́ ló sọ. Ọ̀yà fẹ́ràn etí oko. Òkété fẹ́ràn ẹ̀yìn ilé. Ọ̀kẹ́rẹ́ fẹ́ràn oko kòkó. Bí igbó bá ṣe ń pín sí wẹ́wẹ́ tó ni àwọn yìí ń pọ̀ sí i. Àpọ̀jù ọ̀yà kì í ṣe ẹ̀rí pé igbó wà. Ó lè jẹ́ ẹ̀rí pé igbó ti di etí oko.

Kí ló kàn wá níbẹ̀?

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń sọ lọ́kàn rẹ̀ pé, "Erin dára, ìnàkí dára, ṣé àwọn ló máa sanwó ilé-ìwé ọmọ mi?" Ìbéèrè gidi ni. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn.

Lákọ̀ọ́kọ́, erin tí ò rí ọ̀nà gbà á gba oko. Àwọn àgbẹ̀ agbègbè Ìjẹ̀bú East ti ń kígbe pé erin wọ oko wọn, ó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó tẹ gbágùúdá mọ́lẹ̀. Kì í ṣe pé erin di olè lójijì. Ọ̀nà tí ìyá ìyá rẹ̀ fi hàn án ló ń tọ̀, ó wá bá oko lójú ọ̀nà. Igbó ẹ̀bá odò wa jẹ́ ọ̀kan nínú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ilé mọ̀ pé ipasẹ̀ ẹran ńlá máa ń wà níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tá a bá gé e, ẹran náà ò ní pa rìn tì. Àárín oko yín ló máa gbà.

Ìkejì ni òro, èyí tí ẹ ń se àpọ̀n rẹ̀. Eso yẹn wúwo, atẹ́gùn ò lè gbé e. Erin wà lára àwọn tó ń gbé e mì, tó ń rìn jìnnà, tó sì ń fi ìgbẹ́ rẹ̀ gbìn ín. Àgbìgbò àti ọ̀bọ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ igi mìíràn. Igi àgbà lè dúró fún igba ọdún lẹ́yìn tí ẹranko tó ń gbin ọmọ rẹ̀ ti lọ. Ẹ ó máa wo igi, ẹ ó rò pé kò séwu. Bàbá tí kò rọ́mọ bí ni igi náà.

Ìkẹta ni omi. Odò tí igi bò máa ń pẹ́ kó tó gbẹ. Gbòǹgbò igi ló sì di etí odò mú, kó má ya wọ oko.

Ìkẹrin ni owó kòkó, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin kan ní ọdún 2023 pé àwọn ò ní gba kòkó tí wọ́n bá gbìn sórí ilẹ̀ tí wọ́n gé igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ẹni tó bá kó kòkó lọ gbọ́dọ̀ fi ibi tí oko náà wà gan-an hàn lórí máàpù. Òótọ́ ni pé wọ́n ti sún ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ òfin náà síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Oníṣòwò tó fẹ́ gé igbó wa lónìí kó fi gbin kòkó, irú kòkó tí òfin yẹn ń lé gan-an ló fẹ́ gbìn. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí yẹ orúkọ ìlú wò, kòkó àwọn ìyá wa tó ti wà láti ayé Awólọ́wọ̀ lè bá a pín nínú ìtìjú náà.

"Ṣùgbọ́n ilẹ̀ yẹn kéré"

Ẹnu ìṣirò tí mo ṣe lókè ni wọ́n ti máa mú mi. Wọ́n á ní: "Ìwọ náà lo sọ pé igbó tẹ́ẹ́rẹ́, etí lásán ni. Igbó ẹ̀bá odò wa ò fẹ̀. Kí ló wá ń dáàbò bò?" Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n wá ni. Ìdáhùn mi ni pé igbó ẹ̀bá odò wa kì í ṣe ilé fún ẹranko. Ọ̀nà ni. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ orí Ikorodu Road náà ò fẹ̀, kò sẹ́ni tó ń sùn lórí rẹ̀, tí ẹ bá sì wọ̀n ọ́n pẹ̀lú gbogbo Ṣómólú, kò tó nǹkan. Ẹ wó o lulẹ̀ kẹ́ ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Bí nǹkan ṣe kéré tó kọ́ la fi ń mọ iye rẹ̀. Ohun tó so pọ̀ la fi ń mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kó ọmọ lọ wo ọ̀bọ ní Lekki Conservation Centre, ẹ ti rí igbó tí ò ní ọ̀nà. 78 hẹ́kítà ni, ọdún 1990 ni Nigerian Conservation Foundation dá a sílẹ̀, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo àyíká rẹ̀: títì níwájú, ẹ́sítéètì lápá ọ̀tún, ẹ́sítéètì lápá òsì. Àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ ti mọ ibi tí àlejò ń gbé kèéké ìpápánu sí. Erékùṣù ni ibẹ̀ jẹ́. Á máa wà, ṣùgbọ́n ènìyàn gbọ́dọ̀ máa tọ́jú rẹ̀ títí ayé, torí kò sí ibi tí ẹran tuntun lè gbà wọ ibẹ̀. Ṣé ohun tá a fẹ́ sọ Omo dà nìyẹn?

Ọ̀nà ẹranko kì í ṣe àlá. Ní Kenya, títì ńlá àti oko ti gé òkè Kenya kúrò lára igbó Ngare Ndare àti ilẹ̀ Lewa. Wọ́n fi ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ láàárín oko, wọ́n sì gbẹ́ ọ̀nà gba abẹ́ títì náà fún erin. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2011 ni erin ti ń gba ibẹ̀ kọjá, tí mọ́tò ń sáré lórí wọn. Àwọn ná owó ńlá láti tún ohun tó ti já so. Àwa, tiwa ò tíì já. Kò gba kọ́bọ̀ láti má gé e.

Àwọn bàbá wa náà mọ ọgbọ́n yìí. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, nǹkan bí 75 hẹ́kítà, tí UNESCO kọ sínú ìwé àjogúnbá ayé ní ọdún 2005, èèwọ̀ ló kọ́kọ́ pa á mọ́. Ẹ ò gbọdọ̀ gégi, ẹ ò gbọdọ̀ pẹran, ẹ ò gbọdọ̀ pẹja. Ẹ̀sìn yòówù kí ẹ máa ṣe lónìí, ẹ ò lè jiyàn pé òfin tí gbogbo ìlú gbà ju wáyà lọ.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún

Mi ò fẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán láìsọ ohun tó yẹ ká ṣe.

Ẹ jẹ́ ká dìbò pé a ò ta igbó ẹ̀bá odò, a ò sì yá ẹnikẹ́ni. Kí àwọn olórí ẹbí àti ààfin jọ kọ ọ́ sílẹ̀, kí sọ́féyọ̀ wọ̀n ọ́n, kí ẹ̀dà ìwé náà wà lọ́wọ́ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Tí oníṣòwò náà bá fẹ́ dáko lóòótọ́, ilẹ̀ tó ti jẹ́ oko tẹ́lẹ̀, tó ti ṣú, pọ̀ lápá kejì ìlú. Kó lọ bá àwọn ẹbí tó ni ín sọ̀rọ̀.

Ní ti òrùlé gbọ̀ngàn, ẹ̀ka Èkó lè bẹ̀rẹ̀ owó ìdá láti oṣù tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ní kí wọ́n má ta ilẹ̀ gbọ́dọ̀ mówó sílẹ̀, kó má jẹ́ pé ará ilé nìkan ló ń fi àìrówó gbé igbó ró. Ohun tí mo ti kọ́kọ́ san wà lọ́wọ́ akápò.

Ní ti erin tó ń wọ oko, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yìnbọn. Kí ẹgbẹ́ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ igbó ìpínlẹ̀ Ògùn àti Nigerian Conservation Foundation tí wọ́n ti ní àwọn aṣọ́gbó ní Omo. Erin ń bẹ̀rù oyin: ní Kenya, àwọn àgbẹ̀ ń so ilé oyin kọ́ yí oko ká, erin ń yẹra, wọ́n sì ń ta oyin. Ata náà ń lé e. Ẹ jẹ́ ká fi oko méjì tàbí mẹ́ta dán an wò.

Ní ti kòkó, kí àwọn ọ̀dọ́ wa tó ní fóònù tó dáa lọ ya máàpù oko àwọn ìyá àti bàbá wa ní àsìkò ọdún, kí ìwé ẹ̀rí wà nílẹ̀ pé oko àtijọ́ ni.

Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ dákun, ẹ yé ránṣẹ́ sílé fún ẹran igbó. Tí ọ̀bẹ̀ bá ń fa ọ̀fun yín, ọ̀yà tí wọ́n ń sìn lágọ̀ọ́ wà lọ́jà. Owó tí ẹ fi ń ra ẹtu àti ọ̀bọ ni ọdẹ fi ń ra ọta.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ò lórúkọ lórí máàpù kankan. Kò sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá gé e. Òrùlé á yọ, a ó sì jó. Ọdún mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà ni gbèsè rẹ̀ máa wọlé, kò sì ní sẹ́ni tó máa rántí ọjọ́ tí a jẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ nísinsìnyí.

Ìpàdé gbogbogbòò ń bọ̀. Ẹni tó bá lè wá, kó wá. Ẹni tí ò bá lè wá, kó fi ìbò rẹ̀ rán aṣojú ẹ̀ka rẹ̀. Ìlú wa á tòrò, odò wa ò ní gbẹ.